Ṣé Pósí Ni Ọkọ̀ Kékeré?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwa Yorùbá rò nípa nǹkan, ẹ máa fetí sí orúkọ tí a sọ ọ́. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Beetle pọ̀ ní Èkó níbí, ṣùgbọ́n ta ló ráyè Beetle? Ìjàpá ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto, wọ́n wo ojú rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta, wọ́n ní bí kì í bá ṣe ọkọ Yánníbo, ta ni? Nígbà tí bọ́ọ̀sì tí kò ju páálí ìṣáná lọ tún dé, tó ń gba ojú ọ̀nà àdúgbò kiri, a sọ ọ́ ní kòròpé, orúkọ tí a fi ń pe ẹni kúkúrú bọ́ńkẹ́lẹ́. Àwàdà ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá sọ ọkọ̀ kékeré nínú ilé mi lọ́dún tó kọjá ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní pósí ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ìyàwó mi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Agége, Sángo Ọ̀tà la sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó yìí, láti Toll Gate dé Alákukọ, dé Abúlé-Ẹ̀gbá, títí dé Ìyánà-Ìpájà, kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ ń rí láràárọ̀. Yóò wọ kòròpé dé etí títì, yóò jà kó tó wọ dánfó, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò tún fẹsẹ̀ rìn. Ọdún mẹ́ta la fi dá àjọ nítorí mọ́tò, nígbà tí a sì kó o, iye tó wà lọ́wọ́ wa kò lè ra ju ọkọ̀ kóńkó lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A pe ẹ̀gbọ́n kó wá bá wa dá sí i, nítorí òun ni àgbà, òun ló sì ní jíìpù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Àna mi," ó ní, "èyí tí ẹni méjì lè gbé kọjá kòtò yẹn lẹ fẹ́ rà fún àbúrò mi? Pósí alátáyà mẹ́rin ni o. Bí tírélà bá sín lásán, inú gọ́tà ló máa bá ara rẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí gbogbo ilé dákẹ́, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí i yẹn ló rí?" Èmi tí mo ti fi ogún ọdún kọ̀wé nípa ọ̀ràn ọlọ́ràn nínú ìwé ìròyìn, n kò rí èsì kan fọ̀ fún ìyàwó ara mi. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó fi ìka kan ara ọkọ̀ kékeré kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó, kó, kó. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Agolo mílíìkì ni. Irin gidi ni ti àtijọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ àtijọ́ kọ lu ògiri, ògiri ni yóò wó." Bàbá yìí mọ gíáàbọ́ọ̀sì bí ẹni pé òun ló bí i, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n lórí èyí n kò lè bá a lọ. Ká tilẹ̀ gbà pé ògiri wó, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jókòó sínú irin tí kò tẹ̀?

Bí ẹyin bá bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, yóò fọ́. Bó bá bọ́ sórí tìmùtìmù, ó lè má fọ́. Ẹyin kan náà ni, òkè kan náà ló sì ti já bọ́, ṣùgbọ́n tìmùtìmù fún un láyè láti dúró díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Béla Barényi, tó ń bá ilé iṣẹ́ Mercedes ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí, tó sì kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lé e lórí ní ọdún 1951. Ó ní kí imú ọkọ̀ àti ìdí rẹ̀ jẹ́ ohun tó lè rún, kí àárín tí èèyàn jókòó sí sì le. Imú ni tìmùtìmù. Nítorí náà bí ẹ bá rí ọkọ̀ ìgbàlódé tí imú rẹ̀ rún wómúwómú bíi bébà, tí dírẹ́bà sì jáde tó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ẹ má bú ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán imú náà ló jẹ́ yẹn.

Wọ́n tilẹ̀ dán an wò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Àjọ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń náwó sí, IIHS ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mú Chevrolet Bel Air ọdún 1959, irin pọ́ńbélé, wọ́n gbé e kọ lu Chevrolet Malibu ọdún 2009, wọ́n sì gbé ère bí èèyàn sí ìdí sítíárìn àwọn méjèèjì. Ère inú ọkọ̀ tuntun kò ní ju pé ẹsẹ̀ dùn ún díẹ̀. Ti inú ọkọ̀ àtijọ́, bó bá jẹ́ èèyàn ni, a ti sin ín. Mo ròyìn èyí fún mẹkáníìkì wa. Ó ní kí òyìnbó máa ṣe tirẹ̀ lọ. A jọ jẹ ẹ̀wà aganyin, a túká.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí bàbá yín fi Ìjàpá gbé lọ sílé ìwé. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Kí ló wá wà níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀kánkán orúnkún dírẹ́bà? Táyà sípíà àti táńkì epo ni. Ọkọ̀ gidi ni, kò bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ kò sọ mí débi pé kí n gbé ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn táńkì yẹn.

Ó dáa, ọkọ̀ kékeré ìgbàlódé ní imú tó ń rún àti àárín tó le. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí? Kò tíì parí, nítorí òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Smart Fortwo. Ẹni méjì péré ló ń gbé, kò sì gùn tó mítà mẹ́ta. Nígbà tí àjọ IIHS gbé e kọ lu ohun ìdènà, ó yege dáadáa, nítorí pé igbá irin tí wọ́n fi yí èèyàn ká nínú rẹ̀ le púpọ̀. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2009, wọ́n jẹ́ kó pàdé Mercedes C-Class, tí ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Mercedes yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó o lọ́nà méjì. Oníkálukú wọn ń sá eré 64 kìlómítà ní wákàtí kan. Smart fò sókè, ó yí po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó balẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù àti sítíárìn rẹ̀ sì rọ́ wá bá ère tó wà nínú rẹ̀. Ère inú Mercedes jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ṣe Toyota Yaris pẹ̀lú Camry, wọ́n ṣe Honda Fit pẹ̀lú Accord, ibì kan náà ló já sí: èyí tó kéré ló fìdí rẹmi.

Ìwọ̀n ló fà á, kì í ṣe pé wọn kò ṣe é dáadáa. Mo mú bébà, mo fi ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé girama ṣe é. Ká ní ọkọ̀ kan wọn 800 kílò, èkejì wọn 1,600, oníkálukú ń sá 60 kìlómítà, wọ́n forí sọ ara wọn, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Èyí tó wúwo ni yóò ti èyí tó fúyẹ́ padà sẹ́yìn, ní eré 20. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ńlá kúrò lórí 60 bọ́ sí 20, ogójì péré ló já a gbà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré kúrò lórí 60, ó dúró, ó tún ń fi eré 20 padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ọgọ́rin nìyẹn, kí ojú tó ṣẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rán irin ọkọ̀ kékeré tí yóò fi yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yìí.

Èyí náà ni kò jẹ́ kí ìràwọ̀ tí wọ́n ń fún ọkọ̀ ṣeé fi wé ara wọn láti orí ọkọ̀ kékeré dé orí jíìpù. Ìràwọ̀ 3 ni àjọ Euro NCAP fún Kia Picanto ní ọdún 2017, wọ́n sì fún un ní 4 bó bá ní àwọn ohun ààbò tí a ń san owó lé. Ìràwọ̀ yẹn sọ bó ṣe máa rí bó bá pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n lọ sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀gbọ́n ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò dárúkọ Mercedes, tírélà ló dárúkọ, tírélà náà ló sì kún ojú ọ̀nà wa, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà. Mo tún mú bébà. Ká ní tírélà tó ru ẹrù wọn 30,000 kílò, tó ń sá 60, tí ọkọ̀ wa tó wọn 800 kílò náà ń sá 60 lọ pàdé rẹ̀. Ohun tí yóò já ẹni inú ọkọ̀ kékeré gbà yóò tó 117. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá gbé jíìpù ẹ̀gbọ́n sí i, mo fún un ní 2,000 kílò. Ó jẹ́ 112 àti ààbọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí mo rò pé mo ti ṣì í kà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín jíìpù ọ̀gá àti ọkọ̀ kóńkó kò tó 5! Dírẹ́bà tírélà fúnra rẹ̀, bíi 3 péré ló já a gbà nígbà tó pàdé tiwa. Lójú tírélà, ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n.

Kì í sì í ṣe àpàdé nìkan. Ẹ ti rí àwọn tírélà tó ń dúró sójú títì lóru láìní iná lẹ́yìn. Jayne Mansfield, òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà, kú ní oṣù kẹfà ọdún 1967 nígbà tí ọkọ̀ tó gbé e wọ abẹ́ ìdí tírélà lóru. Buick Electra ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ gbàràmù gbaramu. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tó jókòó síwájú ló kú, àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn sì yè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe irin ìdábùú tí wọ́n ń so mọ́ ìdí tírélà kí ọkọ̀ má baà rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìdí àwọn tírélà tiwa lọ́la bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ ka iye tó ní irin yẹn.

Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé, kí ni à ń fi ọkọ̀ kékeré wé? Ratan Tata, tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ Tata ní Íńdíà nígbà náà, sọ pé ohun tí òun rí tí òun fi ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ Nano ni ẹbí kan lórí alùpùpù nínú òjò: bàbá ló ń wà á, ọmọ dúró síwájú rẹ̀, ìyá wà lẹ́yìn tòun tọmọ lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe mọ́tò tí irú wọn lè rà, tí owó rẹ̀ kò ní ju 100,000 rupee lọ. Wọ́n gbé e jáde lọ́jà ní ọdún 2009. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, àjọ Global NCAP gbé e kọ lu ohun ìdènà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ kékeré mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ń tà ní Íńdíà, ní eré 64. Òdo ni gbogbo wọn gbà. Wọ́n ní bí ara Nano ṣe rún, éábáàgì, ìyẹn àpò tó ń kún fún afẹ́fẹ́ lójú ẹni, kò tilẹ̀ lè wúlò fún un. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2018.

Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ni Volkswagen Polo. Ara rẹ̀ kò wó, èèyàn inú rẹ̀ ni kò ní ohun tó gbà á mọ́ra. Wọ́n mú Polo mìíràn tó ní éábáàgì méjì níwájú, wọ́n gbé e kọ lu ohun kan náà. Ó gba ìràwọ̀ 4. Ọkọ̀ kan náà, gígùn kan náà, ọ̀kan gba òdo, ọ̀kan gba mẹ́rin. Nígbà tí mo kà á débí, mo pa ìwé dé, mo sì lọ jí ìyàwó mi.

Ó dáhùn láìlajú pé, "Ẹbí orí alùpùpù yẹn ńkọ́? Ìràwọ̀ mélòó ni wọ́n fún wọn?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Àwọn ọmọ wa tó rẹ́rìn-ín pósí, mẹ́ta wọn ti jọ gun ọ̀kadà kan rí, tó fi ti ọlọ́kadà jẹ́ mẹ́rin, kò sì sí akoto kan láàárín wọn. Kòròpé tó sì ń gbé ìyá wọn dé etí títì láràárọ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n tí òfin Japan fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré wọn láti ọdún 1998 ni wọ́n fi ṣe é: kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 3.40, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mítà 1.48. Kí ẹrù lè rí àyè nínú gígùn táṣẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n gé imú rẹ̀ kúrò. Tìmùtìmù tí Barényi sọ, níbo ló wà? Orúnkún dírẹ́bà àti ti ẹni tó jókòó tì í ni. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí mo kà wá nínú ọ̀kan láti Jójù, ẹni mẹ́jọ ni wá, láìka àpò gààrí kan. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní pósí. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń pè é.

Bí a ṣe gbà láti ra ọkọ̀ kékeré nìyẹn. Ìyọnu tó kù ni tòkunbọ̀. Tuntun kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, ọkọ̀ tí a ó sì rà, a kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lókè òkun. Mẹkáníìkì wa, ẹni tó ń yìn irin àtijọ́, ni mo mú lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, ibẹ̀ ló sì ti fi iṣẹ́ hàn mí. Èyí tí a kọ́kọ́ wò ń dán bíi bàtà ọmọ ìkókó. Ó ní kí alágbàtà tan kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀gá, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná kékeré kan wà tó ní àwòrán èèyàn tó jókòó ti àpò róbótó. Ó yẹ kó tàn díẹ̀, kó tó kú." A wò títí, kò tàn rárá. Ó ní bí kò bá tàn tàbí tó tàn tí kò kú, éábáàgì náà ti bẹ́, tàbí wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń yọ iná náà kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà bèèrè. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ tọ irin abẹ́ rẹ̀ títí tó fi kan ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Imú tó ti rún lẹ́ẹ̀kan, tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi òòlù tún un nà, kì í ṣe imú mọ́. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó fìà, bẹ́líìtì náà ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ó yẹ kó há.

"Ìjànbá kékeré ni, Alàgbà," ni alágbàtà wí. "Bọ́ḿpà ló kàn fara gbá."

A fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti rà á báyìí, kò sì sí ohun tó sọ fún un.

Ọkọ̀ kẹfà ni a tó rí èyí tí iná rẹ̀ tàn tó sì kú, Kia Picanto kan tí kò dán púpọ̀. Bẹ́líìtì iwájú há wọ́n-ún. Èmi kì í fi bẹ́líìtì ṣeré mọ́, nítorí pé bí ẹni tí kò so ó bá já lu éábáàgì tó ń bẹ́ bọ̀, àpò yẹn náà lè ṣe é léṣe. Láti ọdún 1959 ni Nils Bohlin ti ṣe irú tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá fún Volvo, tí Volvo sì jẹ́ kí gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún tó lé ní ọgọ́ta rèé, ìgbà tí a bá rí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lókèèrè là ń fà á sáyà, tí a tún ń sọ ọ́ nù bí a bá ti kọjá wọn.

Ti ẹ̀yìn ni a kò rí. Mo wá a wá a, mo rò pé wọ́n ti jí i tà. Ẹni tó rán awọ bo àga ọkọ̀ náà kí wọ́n tó tà á ló bo orí àwọn bẹ́líìtì mẹ́ta mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní abẹ́ ìjókòó. Ìyàwó mi lọ mú ọ̀bẹ wá láti ilé ìdáná. Mo ní kó jẹ́ ká wá aránṣọ tí yóò tú u dáadáa, awọ náà ṣì dára. Kò dá mi lóhùn. Ó dá a lu níbi mẹ́ta, ó fa àwọn orí bẹ́líìtì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe àwọn ọmọ wá kí wọ́n wá jókòó kó wọn bó ṣe gùn tó.